Bí A Bá Rán Ni Níṣẹ́ Ẹrú: Òmìnira àti Míṣọ̀n Nínú Géèmù Ayé Gbalasa

Ní nǹkan bí ọdún 2006, ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn, tí tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin àti PlayStation 2 mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Rọ́bà orí ọ̀pá òsì ti bọ́ lára pádì tí mo fẹ́ràn jù, tó fi jẹ́ pé ike lásán ni àtàǹpàkò mi ń tì kiri, bí wákàtí kan bá sì fi máa pé, ojú ike náà á ti hàn sí mi lọ́wọ́ bí òǹtẹ̀. Grand Theft Auto: San Andreas, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ni gbogbo wa ń gbá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwé pélébé tó kọ kóòdù sí: R1, R2, L1, X, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè, kí o tún mẹ́rin ìgbẹ̀yìn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ara CJ, ẹni tí a ń darí nínú géèmù náà, á le, ẹ̀wù ayẹta á dé, 250,000 dọ́là á sì wọlé. A mọ̀ ọ́n ju táìmù tébù lọ.

Míṣọ̀n kan, ìyẹn iṣẹ́ tí géèmù ń rán ni, wà nínú géèmù yẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá gbá a kò ní gbàgbé. Big Smoke, ọ̀rẹ́ CJ, á ní kí CJ gbé òun sẹ́yìn ọ̀kadà, kí ó máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Vagos dúró lórí òrùlé rẹ̀, kí òun Smoke lè máa yìnbọn lù wọ́n. Smoke kò mọ ìbọn yìn tó bó ṣe mọ oúnjẹ jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà. Nígbà kẹrin, mo rò ó pé ọkọ̀ ojú irin kò lè yà bàrá, pé mo sì mọ ibi tó ń lọ, nítorí náà mo gba ọ̀nà àbùjá kí n lè lọ dènà dè é níwájú. Ìgbà tí n ó fi jáde sétí irin, ọkọ̀ ti kọjá, àwọn Vagos ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, Smoke sì ń bú mi pé ohun kan ṣoṣo tí òun ní kí n ṣe ni kí n tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Àbúrò, wọ́n ní kó o tẹ̀lé e, ìwọ ń wá àbùjá.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí á tẹ̀lé wọn ni wọ́n rán wa ni, àbí kí á pa wọ́n?”

“Méjèèjì ni. Wákàtí rẹ ti pé.”

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yẹn ti wà lọ́kàn mi, mo sì ti gbé e lọ sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù mìíràn tí a ń pè ní open world, ìyẹn àwọn géèmù tí wọ́n tẹ́ ayé gbalasa kalẹ̀, tí wọ́n ní kí o máa rìn bó ṣe wù ọ́. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni pé míṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin yẹn kò jọ ayé tó wà nínú rẹ̀ rárá. Ìlú ńlá mẹ́ta ló wà ní San Andreas: Los Santos, San Fierro àti Las Venturas, pẹ̀lú igbó, òkè àti aṣálẹ̀ láàárín wọn. CJ lè jẹun títí ní Cluckin' Bell títí ikùn rẹ̀ á fi yọ, ó sì lè lọ gbé irin títí ikùn náà á fi wọlé padà. Ó lè jí kẹ̀kẹ́, ó lè jí ọkọ̀ òfurufú. Lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti afárá tó lọ sí àwọn ìlú yòókù pa, bí o bá sì fi agídí kọjá, ìràwọ̀ mẹ́rin, ìyẹn àmì bí wọ́n ṣe ń wá ọ tó, ni àwọn ọlọ́pàá á fi máa lé ọ kiri. Síbẹ̀, odi tó ṣeé fò nìyẹn, èmi fúnra mi wẹ odò kọjá ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo rìn ní San Fierro fún bí ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n tó yìnbọn pa mí, kò sì sí míṣọ̀n kankan tó dùn mọ́ mi tó ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí o bá fi tẹ àmì pupa tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlú náà á dẹ́kun láti jẹ́ ìlú, á di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá fi ọ̀rọ̀ burúkú rán níṣẹ́ la sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ó lè fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà sí rere. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ó fi iṣẹ́ tí a rán ni sí apá kan, ó fi bí a ṣe jẹ́ ẹ sí apá kejì. Ẹni tó rán ni ló ni èkíní, ẹni tí a rán ló ni èkejì. Bí ìyá rẹ bá ní kí o lọ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ Ìyá Ṣadé, tí o débẹ̀ tí ìsọ̀ wà ní títì, tí o sì padà wálé lọ́wọ́ òfo, wọ́n á bi ọ́ bóyá ìsọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àdúgbò. Èmi kò tíì rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ kejì, tó da iyọ̀ náà nù, tó ní kí ọmọ lọ tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ géèmù ayé gbalasa ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo padà lọ gbá Grand Theft Auto III, tó jáde ní ọdún 2001, lẹ́yìn tí mo ti gbá àwọn àbúrò rẹ̀ tán. Nínú rẹ̀, Asuka Kasen á rán ọ pé kí o lọ pa Salvatore Leone, olórí àwọn ọ̀daràn Ítálì ní Liberty City. Salvatore á jáde láìpẹ́ ní ilé fàájì Luigi, á sì wọ mọ́tò lọ sílé. O gbọ́dọ̀ pa á kí ó tó délé. Iṣẹ́ yẹn parí síbẹ̀. O lè gun òrùlé tó dojú kọ ilé fàájì náà pẹ̀lú ìbọn ọlọ́nà jíjìn. O lè jí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, kí o fi dí ojú títì, kí àwọn mọ́tò rẹ̀ há. O lè lọ dúró dè é nítòsí ilé rẹ̀. O sì lè ya wèrè, kí o rọ́ lu gbogbo wọn níwájú ilé fàájì, bí èmi ti ṣe nígbà àkọ́kọ́, mo kú, mo sì gba kádàrá nítorí pé ọgbọ́n tèmi ló pa mí.

Èmi tí mo ń fi kóòdù kíkọ jẹun lónìí máa ń ronú nípa bí wọ́n ṣe kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ni kọ̀ǹpútà ní láti máa bi ara rẹ̀: ṣé Salvatore ti kú, àbí ó ti délé? Bí èyí àkọ́kọ́ bá ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti jẹ́. Bí èkejì bá ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ọ̀nà kejì láti kọ míṣọ̀n ni pé kí a to ìgbésẹ̀ léra: lọ sí ibi àmì, bá ẹni báyìí sọ̀rọ̀, wọ mọ́tò yìí, tẹ̀lé mọ́tò yẹn, dúró sẹ́yìn ògiri yìí, yìnbọn. Kọ̀ǹpútà kò ní wo bóyá ohun tí a fẹ́ ti ṣẹlẹ̀ mọ́, ìgbésẹ̀ tí o wà lórí rẹ̀ ló ń kà. Nínú irú èyí, ọ̀tá tí o bá rí kí àsìkò rẹ̀ tó tó kò ní kú. Ní GTA IV, tó jáde ní ọdún 2008, mo tú ọta ìbọn tó pọ̀ sára mọ́tò tí wọ́n ní kí n lépa, kò wulẹ̀ dín eré kù, àfi ìgbà tó dé kọ̀rọ̀ tí àwọn tó kọ ìtàn ti yàn fún ikú rẹ̀. Àyànmọ́ ò gbóògùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé mọ́tò náà ní àyànmọ́.

Red Dead Redemption 2 ló wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di egbò fún mi. Ilé iṣẹ́ tó ni GTA náà, Rockstar, ló gbé e jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọdún 1899 ní Amẹ́ríkà ni ìtàn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì rí ayé inú géèmù tí wọ́n fi sùúrù tó bẹ́ẹ̀ kọ́. Irùngbọ̀n Arthur Morgan, ọ̀daràn tí a ń darí nínú rẹ̀, ń hù, bí o kò bá gé e á di igbó. Ìbọn ń dọ̀tí, ó fẹ́ òróró. Ẹran tí o pa tí o so mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, bí o bá pẹ́ lọ́nà, á rà, eṣinṣin á bò ó. Fìlà rẹ lè bọ́ sílẹ̀ nínú ìjà, kí o padà lọ ṣà á. Bí ẹṣin rẹ bá kú, ó kú nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tí o bá pàdé lójú ọ̀nà ni o lè kí, tàbí kí o bú, tàbí kí o jà lólè, wọ́n á sì dáhùn bí wọ́n ṣe rí i. Bí mo bá fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan lọ́nà, mo lè dúró sójú títì kí n na ìbọn sí wọn, mo lè tọ̀ wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n á fi dé ibi tí ènìyàn kò sí. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ayé náà kàn gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá rán Arthur níṣẹ́. Nínú míṣọ̀n kan, èmi àti ẹnìkejì mi ń lọ kọlu ibùdó àwọn ọ̀tá kan ní ìsàlẹ̀ òkè. Mo rí gegele kan lápá ọ̀tún, àpáta wà lórí rẹ̀, mo sì ní ìbọn ọlọ́nà jíjìn léjìká. Bàbá ọdẹ tí kò lajú pàápàá mọ̀ pé orí gegele yẹn ló yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Mo yà sọ́tùn-ún, mo rìn bí ìwọ̀n ààbọ̀ pápá bọ́ọ̀lù, mo sì rí i kà lójú tẹlifíṣọ̀n pé mo ti fi ẹni tí a jọ ń lọ sílẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Wọ́n dá mi padà sẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n fa létí. Ọ̀tá kò rí mi, ẹnikẹ́ni kò kú, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ayé náà. Ẹsẹ̀ mi ló kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Arthur tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko dọdẹ ìgalà kan lórí yìnyín kò gbọdọ̀ gun gegele.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé wọ́n kàn fẹ́ fìyà jẹ wá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá inú géèmù Rockstar ń bá ara wọn sọ lórí ẹṣin wà lára ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n sì wọn ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ gígùn ọ̀nà. Bí o bá gba ibòmíràn, ìtàkùrọ̀sọ já sáàárín. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un nílò ohùn òṣèré tuntun, ìrìn tuntun, àti àwọn ènìyàn tí yóò gbá a wò lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó lè sọ pé kò ní dẹnu kọlẹ̀. Iṣẹ́ tí a to ní ìgbésẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò, a sì lè fọkàn balẹ̀ pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn máa rí. Owó ńlá ni wọ́n ná sórí ohun tí wọ́n fẹ́ kí o rí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wàá wo ibòmíràn. Èyí yé mi, ṣùgbọ́n ó wá jọ ẹni tó kọ́ ilé ńlá tó ní yàrá ogún, tó wá di àlejò rẹ̀ lọ́wọ́ mú láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga.

Àwọn ará Japan kan ló fi hàn mí pé kò pọn dandan. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2017, Nintendo gbé The Legend of Zelda: Breath of the Wild jáde. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ kan lórí òkè pẹrẹsẹ, níbi tí o ti gbọ́dọ̀ wọ ojúbọ mẹ́rin kí bàbá arúgbó kan tó fún ọ ní aṣọ tí a fi ń fò lójú afẹ́fẹ́, wọ́n á rán ọ níṣẹ́ kan ṣoṣo: lọ ṣẹ́gun Ganon, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà. Ààfin tí Ganon wà ń bẹ ní àárín ayé náà, ibi gbogbo lo ti lè rí i tí èéfín ibi yí i ká. O lè lọ síbẹ̀ ní wéréwéré. Ó ṣeé ṣe kí o kú kí o tó dé àgbàlá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé o ti kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ń parí gbogbo rẹ̀ láàárín àkókò tí kò tó ìdajì wákàtí.

Ohun tó mú kí n dìde dúró nínú yàrá mi kéré ju ìyẹn lọ. Ojúbọ 120 ló wà nínú géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀kan tó ń jẹ́ Myahm Agana, wọ́n gbé pẹpẹ kan kalẹ̀ tí ògiri kéékèèké wà lórí rẹ̀ bí ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírúdurùdu, bọ́ọ̀lù kan wà nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa yí pádì lọ́wọ́ rẹ kí pẹpẹ náà lè máa yí, kí bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn ògiri náà jáde. Ọwọ́ mi kò balẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù já bọ́ lẹ́ẹ̀kẹfà, mo sì fi ìbínú da pádì dojú bolẹ̀. Pẹpẹ náà dojú bolẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú kanlẹ̀, kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tuntun já wálẹ̀ láti òkè, ó bọ́ sórí ẹ̀yìn pẹpẹ, mo rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó yí gbirigbiri lọ sínú ihò, ilẹ̀kùn ṣí. Mo dúró kí géèmù bú mi. Kò bú mi. Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ ni bóyá bọ́ọ̀lù ti wọ ihò, bọ́ọ̀lù sì ti wọ ihò. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọjọ́ yẹn, tèmi nìkan ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá dá ọ̀nà tirẹ̀ là wọ ọjà ló máa ń rántí ọjọ́ ọjà yẹn jù.

Kì í ṣe àwọn Nintendo nìkan. Ní Metal Gear Solid V: The Phantom Pain ti ọdún 2015, bí o bá ń yìnbọn fún àwọn ọmọ ogun lórí jù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé akoto, bí o bá ń wá lóru jù, wọ́n á wá awò tí a fi ń ríran lókùnkùn, ìyẹn ni pé ayé náà ń wo bí o ṣe ń jẹ́ iṣẹ́, ó sì ń fún ọ lésì. Ní Morrowind ti ọdún 2002, o tilẹ̀ lè pa ẹni tí gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́. Géèmù á kàn sọ fún ọ pé okùn àsọtẹ́lẹ̀ ti já, kí o padà sẹ́yìn, tàbí kí o máa gbé inú ayé tí o ti fi ọwọ́ ara rẹ bà jẹ́. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Bí a ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn ní ohun ìjà kan tó mú, mo sì fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ fúnra mi. Ẹni tí kò tíì gbá Red Dead 2 kó fo ìpínrọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, wọ́n rán Arthur lọ gba owó èlé lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Thomas Downes, aláìsàn ni ọkùnrin náà, o sì gbọ́dọ̀ lù ú. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí o bá jókòó, géèmù á máa dúró dè ọ́. Bí mo ṣe ń lù ú ló ń wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sójú Arthur. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ni dókítà sọ fún Arthur pé ikọ́ ife ló ń ṣe é, ọwọ́ mi sì tutù lórí pádì, nítorí mo mọ ọjọ́ náà, mo mọ bọ́tìnnì tí mo tẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n kọ iṣẹ́ yẹn ni, ìtàn náà kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo gbà. Níbẹ̀, ìdè ni ìtàn, ẹrú Dutch, olórí ẹgbẹ́ wọn, ni Arthur, iṣẹ́ ẹrú ló sì jẹ́. Ṣùgbọ́n gegele yẹn ńkọ́? Ìtàn wo ló máa kú bí mo bá ti orí òkè yìnbọn dípò ìsàlẹ̀? Ìyàtọ̀ wà láàárín kí wọ́n gba ìpinnu lọ́wọ́ mi nítorí pé ìpinnu náà á padà wá bá mi lọ́jọ́ iwájú, àti kí wọ́n gbà á nítorí pé ó rọrùn fún wọn. Ní ìlú Strawberry pẹ̀lú, Micah, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí mo já gbà kúrò ní àtìmọ́lé, kọ̀ láti sá lọ, ó ń yìnbọn káàkiri ìlú, mo sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e pa àwọn tí mi ò bá jà. Ìyẹn kọ́ mi ní irú ẹni tí Micah jẹ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ lẹ́yìn ìbọn kejì. Ogún ìbọn tó tẹ̀lé e kò kọ́ mi ní nǹkan kan.

Mo ń fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ báyìí títí di ọdún tó kọjá, tí mo fi òpin ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣe géèmù kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà mi. Ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ lọ ra èlùbọ́ lọ́jà, kí ó sì padà kí òjò tó dé. Mo ya ilé márùn-ún, afárá onígi kan, ìsọ̀ kan tó ní àtíbàbà. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí ó wá gbá a wò. Ó jáde nílé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rìn tààrà wọ ilé aládùúgbò.

“Bọ̀ọ̀dá, wọn ò dá mi lóhùn o.”

“Ọjà ni kó o lọ.”

“Mo fẹ́ yá èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn ni. Òjò ti ṣú.”

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó fẹ́ jáde gba ẹ̀yìnkùlé, àkọlé kan sì bọ́ síta lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà pupa, tí ọwọ́ èmi fúnra mi kọ ní òru ọjọ́ kan tí oorun ń kùn mí: O ti ṣìnà. Padà sí ojú ọ̀nà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ́, tí mo fi ìbéèrè kan ṣoṣo rọ́pò wọn, pé ṣé èlùbọ́ ti wà nílé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé èlùbọ́ sínú ilé ìdáná aládùúgbò, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà tún jókòó sí i. Kò tilẹ̀ wo ilé aládùúgbò mọ́. Ó kọjá lórí afárá, ó ra èlùbọ́, òjò bẹ̀rẹ̀ bó ṣe fẹ́ gbéra, ó sì dúró sábẹ́ àtíbàbà, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

“Kí lò ń dúró dè?”

“Kí òjò dá, Bọ̀ọ̀dá. Èlùbọ́ tó bá tutù, ṣé wọ́n lè fi ro àmàlà ni?”

Òjò ń rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró, ó kọjú sí ọ̀nà ọjà, kò sọ nǹkan kan, nítorí mi ò tíì kọ ohun tó yẹ kí ó sọ.